Toxodon: erinmi ni, àgbáǹréré ni, àbí eku ńlá?

ÌBÉÈRÈ: "Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ nípa ẹranko. Ọmọ mi mú àwòrán kan wá bá mi, wọ́n kọ Toxodon sábẹ́ rẹ̀. Mo wò ó, mo ní erinmi ni. Ìyá rẹ̀ ní rárá o, àgbáǹréré tí wọ́n gé ìwo rẹ̀ ni. Ọmọ ní àwa méjèèjì ò gbà á, pé níbi tí òun ti kà á, eku ni wọ́n pè é. Eku tó tóbi tó mọ́tò! Ẹ bá wa dá sí i. Àti pé, kẹ́ ẹ má bínú, kí ló kàn wá nínú ẹran tó ti kú tán ní Gúúsù Amẹ́ríkà kí wọ́n tó bí baba-ńlá wa?"

* * *

Bọ̀dá mi, ẹ̀yin mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lẹ ò gbà á, àmọ́ ẹ má bá ọmọ wí. Òun ló sún mọ́ ohun tí ọ̀gá onímọ̀ kan sọ ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1837. Mo ń bọ̀ wá síbẹ̀.

Toxodon kì í ṣe erinmi, kì í ṣe àgbáǹréré, kì í sì í ṣe eku. Ẹran ẹlẹ́sẹ̀ pátákò ni, ó ń jẹ koríko àti ewé, ó sì wá láti inú ìdílé kan tí ẹyọ kan ò ṣẹ́ kù nínú wọn láyé mọ́. Notoungulata lorúkọ ìdílé ọ̀hún. Gúúsù Amẹ́ríkà ni wọ́n ti gbilẹ̀, nígbà tí ilẹ̀ yẹn dá wà láàárín òkun fún ọ̀pọ̀ mílíọ̀nù ọdún, kí ilẹ̀ Panama tó wá so ó mọ́ Àríwá Amẹ́ríkà ní nǹkan bíi mílíọ̀nù 3 ọdún sẹ́yìn. Toxodon wà lára àwọn tó gbẹ̀yìn nínú wọn, ó sì wà lára àwọn tó tóbi jù. Ó gùn tó mítà 2.7, ìwọ̀n rẹ̀ sì ju tọ́ọ̀nù kan lọ. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kúrú, ó ki pọ́pọ́, ìka mẹ́ta ló wà lẹ́sẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Orí rẹ̀ wúwo débi pé egungun ẹ̀yìn rẹ̀ lápá èjìká ní láti yọ sókè gan-an, kí iṣan tó ń gbé orí yẹn dúró lè rí ibi dì mú. Ìyẹn ni àwọn ayàwòrán ṣe máa ń fi iké sí i lẹ́yìn. Nǹkan bí 12,000 ọdún sẹ́yìn, kò jù bẹ́ẹ̀ lọ púpọ̀, ó ṣì ń jẹko kiri.

Ní ti ohun tó kàn wá, mi ò lè bá yín wá ọ̀nà tí ẹran yìí fi dé Ìbàdàn, torí kò dé ibẹ̀. Ohun tó mú mi lọ́kàn ni pé gbogbo ẹni tó bá ti rí i ló ń fi ẹran tó mọ̀ nílé wọ̀n ọ́n, bí ẹ̀yin mẹ́ta ṣe ṣe yìí, tí ẹran náà sì ń já gbogbo wọn kulẹ̀. Kì í ṣe ẹ̀yin nìkan. Àwọn tó kàwé jù lọ nígbà ayé wọn ló kọ́kọ́ bọ́ sí i.

* * *

Ẹnì kan ní kí n sọ bí wọ́n ṣe rí i. Ó dáa bẹ́ẹ̀, torí ìtàn náà dùn.

Charles Darwin, ọ̀dọ́mọkùnrin ọmọ ọdún 24 nígbà náà, ń gẹṣin kiri Argentina àti Uruguay ní 1833 nígbà tí ọkọ̀ ojú omi Beagle ń wọn etíkun. Ní oṣù kọkànlá ó gbọ́ pé egungun òmìrán wà ní oko ẹnì kan lẹ́bàá odò kékeré tí wọ́n ń pè ní Sarandí, èyí tó ṣàn wọ Río Negro ní Uruguay. Ẹ ṣàkíyèsí pé àwọn ará oko ti mọ̀ pé egungun ńlá wà nílẹ̀ wọn kí òyìnbó onímọ̀ tó dé. Darwin àti onílé tó gbà á lálejò gẹṣin lọ. Agbárí ńlá kan ni wọ́n bá níbẹ̀. Ó pé pérépéré nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ rí i, àmọ́ àwọn ọmọkùnrin ilé ti fi òkúta lu eyín rẹ̀ yọ, wọ́n sì gbé e kalẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ohun tí wọ́n ń sọ òkò mọ́. Pẹ́ǹsì 18 ni Darwin san. Ẹ̀yin àgbà tó ná owó ìgbà náà á mọ̀ ọ́n sí ṣílè kan àti sísì.

Ibi tó ti wá di ìyanu rèé. Nínú oṣù tó ṣáájú, Darwin ti wú eyín kan jáde létí odò Carcarañá ní Argentina, eyín kan ṣoṣo, kò sí egungun kankan mọ́ ọn lára. Nígbà tó ra agbárí yìí, eyín ọ̀hún wọ inú ọ̀kan nínú àwọn ihò tí àwọn ọmọ ti lu eyín kúrò, ó sì bá a mu gẹ́lẹ́. Máìlì 180 ni ibi méjèèjì fi jìnnà síra. Kì í ṣe pé eyín ẹran kan náà ni o. Ohun tó fi hàn ni pé irú ẹran kan náà kún gbogbo agbègbè yẹn.

Ó kó o ránṣẹ́ sílé, Richard Owen gbà á yẹ̀ wò. Owen ni ògbóǹtarìgì onímọ̀ egungun nígbà náà ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ní 1837 ó sọ ọ́ ní Toxodon platensis. Ó wo eyín, ó ní inú agbo àwọn eku ló yẹ kí ó wà. Ó wo bó ṣe tóbi tó àti bí agbárí rẹ̀ ṣe rí, ó ní ó tún jọ agbo erin àti àgbáǹréré. Ó wo ibi tí ihò imú rẹ̀ wà, ó ní ó jọ àwọn ẹran inú omi tó ń jẹ ewéko. Eku, erin, ẹran omi, gbogbo rẹ̀ nínú àkọlé ìwé kan ṣoṣo! Darwin alára kọ ọ́ pé ìyanu ni bí agbo ẹran oríṣiríṣi ṣe pàdé lára ẹyọ kan báyìí.

Nítorí náà, ọmọ yín ò purọ́. Ibi tó ti kà á ló ti gbó.

* * *

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ má fi ìwé rú wa lójú. Ẹ wo ojú rẹ̀, ẹ wo ìdí rẹ̀, ẹ wo ikùn. Erinmi nìyẹn. Inú omi ló ń gbé."

Àbúrò, mo gbọ́. Ẹ̀yin tí ẹ ń sọ báyìí pọ̀ gan-an, ẹ sì ní ẹlẹ́rìí ńlá: Darwin fúnra rẹ̀ rò pé inú omi ló ń gbé, àwọn ayàwòrán sì ti rì í sínú omi láti bí ọgọ́rùn-ún ọdún ó lé. Ẹ̀rí tí wọ́n máa ń mú wá kò ju mẹ́ta lọ. Ara rẹ̀ rí bí àgbá. Ihò imú rẹ̀ wà lókè díẹ̀. Ẹ̀bá odò ni wọ́n ti máa ń rí egungun rẹ̀.

Èyí tó gbẹ̀yìn yẹn ni mo kọ́kọ́ fẹ́ fọ́. Ẹ̀bá odò ni wọ́n ti ń rí egungun ohun gbogbo! Odò ló ń gbé yẹ̀pẹ̀ bo òkú ẹran mọ́lẹ̀, odò náà ló sì tún ń gbẹ́ ẹ síta lẹ́yìn ẹgbẹ̀rún ọdún. Bí ẹ bá fi ìyẹn ṣèdájọ́, ẹṣin àti ìkookò náà á di ẹja.

Ẹ wá wo ẹsẹ̀. Ní 2001, Bruce Shockey ṣàlàyé orúnkún ẹ̀yìn àwọn ẹran ìdílé Toxodon. Ó rí i pé egungun itan wọn ní ibi kọ́kọ́ tí egungun kékeré orí orúnkún lè há sí, tí ẹsẹ̀ á fi dúró gbọn-in láìjẹ́ pé iṣan ń ṣiṣẹ́. Ẹṣin ní irú rẹ̀. Òun ló ń jẹ́ kó lè dúró sójú kan fún wákàtí púpọ̀ kí ó má rẹ̀ ẹ́. Kí ni ẹran inú omi fẹ́ fi ṣe? Omi ló ń gbé e. Ẹran tó ń dúró lórí ilẹ̀ láti àárọ̀ dalẹ́, tó ń jẹun, òun ló nílò irú orúnkún bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀rí kejì wà nínú eyín. Koríko ilẹ̀ gbígbóná, irú bí ìrèké àti àgbàdo, máa ń fi àmì kan sílẹ̀ nínú carbon tó yàtọ̀ sí ti ewé igi. Ẹran tó bá jẹ ẹ́, àmì ọ̀hún á wọ awọ líle tó bo eyín rẹ̀, kì í sì í kúrò níbẹ̀. Bruce MacFadden yẹ eyín Toxodon àti àwọn ẹbí rẹ̀ wò láti ibi púpọ̀, ó sì gbé èsì rẹ̀ jáde ní 2005. Àwọn ti inú igbó Amazon ń jẹ ewé. Àwọn ti pápá Chaco ní Bolivia ń jẹ koríko. Àwọn ti Bàhíà ní Brazil ń jẹ méjèèjì pọ̀. Bẹ́ẹ̀ ni, Bàhíà yẹn náà, níbi tí àwọn ènìyàn wa ti ń kí Yemọja títí dòní. Abẹ́ ilẹ̀ ibẹ̀ kún fún Toxodon. Ẹran tó lè gbé nínú igbó kìjikìji, tó tún lè gbé lórí pápá gbígbẹ, tó ń jẹ ohun tó bá bá níbẹ̀, kì í ṣe ẹran tí a lè so mọ́ adágún.

Ṣé kì í wẹ̀ rárá ni? Ó ṣeé ṣe kó máa wọ omi bí ooru bá mú un. Erin náà ń wẹ̀.

* * *

Ẹ jẹ́ ká sọ̀rọ̀ eyín dáadáa, torí ibẹ̀ ni mo ti fẹ́ràn ẹran yìí.

Mo ń sin òyà lẹ́yìn ilé. Ẹni tó bá ti sin òyà rí mọ̀ pé a kì í ro ti oúnjẹ nìkan, a máa ń ro ti ohun tí wọ́n á máa ha eyín mọ́. Eyín iwájú òyà kì í dúró dídàgbà. Ó pupa rẹ́súrẹ́sú bí epo, eyín òkè ní ihò tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ tó gùn wálẹ̀, ìsàlẹ̀ rẹ̀ mú bí ìfági. Bí kò bá rí pòròpórò, eèsún líle, igi tàbí egungun ha á mọ́, eyín á gùn kọjá bó ṣe yẹ. Bí ti òkè àti ti ìsàlẹ̀ bá wá yẹ̀ lórí ara wọn, wàhálà dé: eyín á máa yí wọ ẹnu, ẹran ò ní lè jẹun mọ́, á sì kú nígbà tí koríko kún iwájú rẹ̀. Mo ti rí i lójú ara mi. Ara òyà náà ti gbẹ kí a tó la ẹnu rẹ̀ wò.

Eyín Toxodon náà kì í dúró dídàgbà. Àmọ́ ti òyà mọ sí iwájú ni o. Eyín inú rẹ̀ ní gbòǹgbò, ó sì ń dúró. Ti Toxodon, iwájú ń dàgbà, inú ń dàgbà, gbogbo ẹnu pátá. Eyín òkè rẹ̀ ṣe kọdọrọ bí ọrun tí a fà, ìdí nìyẹn tí Owen fi fún un lórúkọ tó ń jẹ́. Ẹ rí i pé kò jẹ́ ẹ̀bi Owen pátápátá pé ó rántí eku.

Kí ló wá mú kí ẹran nílò irú eyín bẹ́ẹ̀? Gbogbo ìwé àtijọ́ á sọ fún yín pé koríko ni. Koríko ní ohun líle wẹ́wẹ́ bí yanrìn nínú, ó ń jẹ eyín. Wọ́n ní nígbà tí igbó di pápá ni eyín ẹran wá gùn. Ó dùn létí. Ṣùgbọ́n àwọn Notoungulata ti ń gùn léyín láti nǹkan bíi mílíọ̀nù 40 ọdún sẹ́yìn, ní Patagonia, ìsàlẹ̀ pátápátá Gúúsù Amẹ́ríkà. Caroline Strömberg àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ wá lọ wo ilẹ̀ ìgbà yẹn gan-an ní Gran Barranca, wọ́n yọ àwọn ohun líle wẹ́wẹ́ tí ewéko ń fi sílẹ̀ nínú ilẹ̀, wọ́n kà wọ́n. Ní 2013 wọ́n sọ ọ́ síta: kò sí pápá koríko níbẹ̀ nígbà yẹn. Ọ̀pẹ àti igi ló pọ̀. Ohun tó wà níbẹ̀ lọ́pọ̀ yanturu ni eérú òkè tó ń yọ iná. Eérú bo ewé, ẹran ń jẹ ewé pẹ̀lú eérú, eyín ń jẹ tán. Ní tèmi, mo gbà fún wọn. Eruku lásán tó láti ba eyín jẹ́. Ẹ bi àwọn tó ń da màlúù lásìkò ọ̀gbẹlẹ̀.

Wọ́n tún rí eyín Toxodon kan ní gúúsù Brazil tí àlà wà lára awọ líle rẹ̀, ibi tí awọ náà ti tín-ínrín. Ìyà ló máa ń fa irú rẹ̀: ebi, àìsàn, àkókò tí nǹkan le. Nítorí pé eyín kì í dúró dídàgbà, ó ń kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ bó ṣe ń lọ.

* * *

"Ẹ kàn ń sọ ohun tí kì í ṣe ni. Kí wá ni?"

Ẹ ṣé, ọ̀rọ̀ yín gún.

Fún nǹkan bí 180 ọdún, kò sẹ́ni tó lè dáhùn. Egungun ò ṣeé gbára lé, torí ẹran méjì tó bá ń gbé ìgbésí ayé kan náà máa ń jọra bí wọn ò tilẹ̀ tan. Àwọn kan ní 2011 tilẹ̀ sọ pé ìdílé erin ni wọ́n, ìyẹn ìdílé ńlá tó ti ilẹ̀ Áfíríkà ṣẹ̀, tí erin àti òfàfà tó ń han lórí igi lóru wà nínú rẹ̀. Ó wù mí kó rí bẹ́ẹ̀. À bá rí ẹbí lọ́nà jíjìn.

DNA ni à bá lò, àmọ́ ooru ń ba DNA jẹ́. Ohun tí wọ́n wá ṣe ni pé wọ́n lọ bá collagen, púrótéènì tó ń di egungun mú. Òun pẹ́ ju DNA lọ dáadáa. Frido Welker àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ gba egungun Toxodon àti ti Macrauchenia, ẹran Gúúsù Amẹ́ríkà mìíràn tó ti kú tán, láti mùsíọ́mù ní Argentina, wọ́n ka bí collagen inú wọn ṣe tò, wọ́n fi wé ti àwọn ẹran tó wà láàyè. Ìwé ìròyìn Nature gbé e jáde ní 2015. Michael Buckley ní Manchester náà ṣe tirẹ̀ lọ́tọ̀ lọ́dún kan náà. Ibi kan náà ni àwọn méjèèjì já sí: àwọn tó sún mọ́ wọn jù láàárín àwọn tó kù láyé ni ẹṣin, àgbáǹréré àti tapir, ẹran igbó kan tó rí bí ẹlẹ́dẹ̀ onímú gígùn.

Àwọn kan ti ń kígbe pé ìyá ọmọ ló borí. Ẹ rọra. Ní 2017, wọ́n rí díẹ̀ nínú DNA Macrauchenia nínú ihò àpáta kan ní gúúsù Chile, níbi tí òtútù wà, ó sì fi hàn pé ó ti tó mílíọ̀nù 66 ọdún tí ìdílé rẹ̀ àti ti ẹṣin ti pínyà. Ìgbà yẹn ni àwọn dinosaur kú. Àgbáǹréré sún mọ́ ẹṣin ju bó ṣe sún mọ́ Toxodon lọ. Bí ẹ bá fẹ́ pe ìyẹn ní borí, ẹ pè é bẹ́ẹ̀, ilé yín ni.

* * *

Macrauchenia tí mo ń dárúkọ yìí, wọ́n ti bi mí nípa rẹ̀ tó, ẹ jẹ́ n sọ díẹ̀ ká lè máa lọ.

Darwin náà ló rí i, ní January 1834, ní Puerto San Julián ní Patagonia. Ọrùn gígùn, ẹsẹ̀ gígùn, ìka mẹ́ta lẹ́sẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Owen ní ìbátan llama ni, ẹran Gúúsù Amẹ́ríkà tó tan mọ́ ràkúnmí. (Ẹ rí i pé ó tún ti bẹ̀rẹ̀.) Ihò imú egungun rẹ̀ kò sí níwájú ẹnu, ó wà lókè orí, láàárín ojú. Àwọn ayàwòrán bá fún un ní ọwọ́jà bí erin, ọ̀pọ̀ àwòrán ẹ bá rí lórí íntánẹ́ẹ̀tì lónìí ló ní ọwọ́jà. Kò sí ẹni tó rí ọwọ́jà náà rí, torí ẹran ara kì í di òkúta bí egungun. Àwọn mìíràn ní ètè àti imú tó ki ló ní, irú ti moose, àgbọ̀nrín ńlá ilẹ̀ Kánádà. Ìyẹn ló wọ̀ mí létí jù, àmọ́ ẹ má tíì bá mi kọ ọ́ sílẹ̀.

Ó tó. Ẹ jẹ́ ká padà sọ́dọ̀ Toxodon.

* * *

Ta ló pa á? Ìjà tó le jù níbí nìyí, mo sì rí i pé ẹ ti ń bú ara yín.

Apá kan ní ojú ọjọ́ ni. Àkókò yìnyín ń parí, ooru ń pọ̀, pápá ń yí padà. Apá kejì ní ènìyàn ni: ọdẹ dé, ẹran tán. Ẹni kẹta ní àrùn ni, kò sì mú ẹ̀rí kankan wá, mo fò ó.

Àwọn tó gba ti ènìyàn máa ń sáré mú egungun Miramar wá. Ẹ ṣọ́ra fún un. Ní 1914, Carlos Ameghino gbé egungun itan ẹran ìdílé Toxodon kan jáde láti Miramar, létí òkun Argentina, tí orí ọfà òkúta gún wọ inú rẹ̀. Gbogbo ayé pariwo. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé ilẹ̀ tí wọ́n ní àwọn ti wú u ti pẹ́ ní mílíọ̀nù ọdún, nígbà tí ènìyàn kankan ò tíì dé Amẹ́ríkà. Ọ̀pọ̀ onímọ̀ fura pé ẹnì kan ló lọ ki òkúta bọ egungun. Láti ìgbà yẹn ni egungun Miramar ti di ohun tí àwọn tó fẹ́ràn ìtàn àbáláyé ń fi jagun lórí YouTube. Kò lè ṣẹlẹ́rìí fún ẹnikẹ́ni.

Ibi tó dáa láti wò ni Arroyo Seco 2, lẹ́bàá ìlú Tres Arroyos ní ìpínlẹ̀ Buenos Aires. Ènìyàn ti wà níbẹ̀ ní nǹkan bí 14,000 ọdún sẹ́yìn, irinṣẹ́ òkúta wọn wà nílẹ̀, egungun ẹṣin ìgbà náà àti ti àwọn ẹran ńlá tó ti tán sì wà pẹ̀lú wọn. Nítorí náà, ènìyàn àti àwọn ẹran wọ̀nyí gbé ilẹ̀ kan náà pọ̀ fún ẹgbẹ̀rún ọdún bíi mélòó kan, kì í ṣe pé ọdẹ dé lónìí kí ẹran tán lọ́la. Ẹ̀rí pé wọ́n ń pa ẹṣin àti àwọn sloth ńlá, ìbátan ẹran tó ń rọra rìn lórí igi níbẹ̀ lónìí, nípọn. Ti Toxodon fúnra rẹ̀ tín-ínrín, ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́.

Tèmi ni pé ojú ọjọ́ nìkan ò lè ṣe é. Àkókò yìnyín ti wá, ó ti lọ, lọ́pọ̀ ìgbà kí ìgbẹ̀yìn yìí tó dé, Toxodon sì la gbogbo rẹ̀ já. Kí ni ohun tuntun tó wà nínú ti ìgbẹ̀yìn? Ènìyàn. Ẹ tún wo irú ẹran tó lọ: gbogbo ẹran ilẹ̀ tó ju tọ́ọ̀nù kan lọ ní Gúúsù Amẹ́ríkà ló parẹ́, kò ku ẹyọ kan. Tapir ló tóbi jù nínú àwọn onílẹ̀ tó kù níbẹ̀ lónìí, kò sì tó ìdajì tọ́ọ̀nù. Ẹran ńlá kì í bí púpọ̀, kì í tètè bí. Ọdẹ ò ní láti pa á lọ rẹpẹtẹ. Bó bá ń pa díẹ̀ díẹ̀ ju iye tí wọ́n ń bí lọ, láàárín ẹgbẹ̀rún ọdún ó ti tán. Ẹ̀yin tí ẹ ń rántí ìgbà tí erin wà káàkiri igbó ilẹ̀ wa mọ bó ṣe máa ń rí.

Ẹni tó bá fẹ́ ta kò mí, kó ta kò mí. Kó má ṣáà mú Miramar wá.

* * *

Sí àbúrò tó ní kí wọ́n fi sáyẹ́ǹsì "jí i dìde": kò ṣeé ṣe. Púrótéènì egungun kì í ṣe ìwé tí a lè fi kọ́ ẹran tuntun, ó kàn ń sọ fún wa ẹni tó tan mọ́ ẹni. Ká tilẹ̀ ní DNA rẹ̀ pé, inú ta ni ẹ fẹ́ gbé oyún rẹ̀ sí? Ẹṣin tí wọ́n ti pínyà láti ìgbà dinosaur?

* * *

Ẹni tó kọ̀wé láti Houston bèèrè méjì: ṣé irú ẹran yìí dé Amẹ́ríkà tiwọn, àti pé ẹnì kan ń ta eyín Toxodon lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ṣé kí òun ra á fún ọjọ́ ìbí ọmọ òun.

Àkọ́kọ́: bẹ́ẹ̀ ni, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé ẹ̀yìnkùlé yín ni. Nígbà tí Panama di afárá, ọ̀pọ̀ ẹran àríwá sọ̀ kalẹ̀ lọ sí gúúsù, ìkookò, ẹṣin, ẹkùn eléyín gígùn. Àwọn ti gúúsù tó gòkè kò pọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Mixotoxodon, ẹbí Toxodon, wà lára àwọn tó gbìyànjú. Egungun rẹ̀ pọ̀ ní Àárín Gbùngbùn Amẹ́ríkà, ní 2013 sì ni Ernest Lundelius àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ kọ̀wé nípa eyín kan tí wọ́n rí ní Texas, ní Harris County, níbi tí Houston wà gan-an. Òun ni àkọ́kọ́ irú rẹ̀ ní orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà tiyín. Eyín kan ṣoṣo ni o, nítorí náà ẹ má lọ máa gbẹ́ ilẹ̀ onílẹ̀.

Èkejì: ẹ má rà á. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn eyín yẹn ti Argentina tàbí Brazil wá. Ní Brazil, òfin 1942 ti sọ gbogbo egungun tó di òkúta di ohun ìní orílẹ̀-èdè. Ní Argentina, òfin 25.743 ti ọdún 2003 ló ń dáàbò bò wọ́n, kò sì sẹ́ni tó lè kó wọn jáde láìgba àṣẹ. Ẹni tó ń tà á á sọ fún yín pé "baba mi àgbà ló kó o wá kí òfin tó dé". Gbogbo wọn ló ní irú baba àgbà bẹ́ẹ̀. Yàtọ̀ sí òfin, eyín tí a ò mọ ibi tí wọ́n ti wú u kò wúlò fún ẹnikẹ́ni mọ́. Ẹ rántí pé mímọ ibi tí eyín Carcarañá ti jáde ni Darwin fi lè sọ ohunkóhun nípa rẹ̀. Bí ọmọ bá fẹ́ fọwọ́ kan nǹkan, àwọn tó ń fi ike ṣe ẹ̀dà rẹ̀ wà, owó rẹ̀ ò sì tó nǹkan. Bí ẹ bá ṣì fẹ́ ojúlówó, ẹ ní kí olùtajà fi ìwé àṣẹ tí wọ́n fi kó o jáde hàn yín. Bí kò bá ní, ẹ má san kọ́bọ̀.